Sole Trader Tó Fẹ́ Gba Òṣìṣẹ́ Láti Òkè Òkun ní Ìlú Ọba: Ọ̀nà Márùn-ún, Èwo Ló Bá Òwò Yín Mu?

Ẹ ti ń dá òwò ṣe ní ìlú Ọba fún ọdún mélòó kan, iṣẹ́ ti wá pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ kan lè ṣe lọ, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú sì wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé: ṣé ẹni tí kò ní kọ́ńpìnì, tó kàn forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, àjọ tó ń gba owó orí, gẹ́gẹ́ bíi sole trader, lè ṣe onígbọ̀wọ́ físà fún òṣìṣẹ́?

Ó lè ṣe é. Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, kì í fún ènìyàn lásán ní ìwé-àṣẹ onígbọ̀wọ́, torí náà kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀nà yìí mú ẹni tí yóò máa bá a tọ́jú ọmọ tàbí òbí nílé wá. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ sole trader sọ́tọ̀: bó bá jẹ́ inú òwò rẹ̀ gan-an ni òṣìṣẹ́ náà yóò ti ṣiṣẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni ohun tí òfin gbà láyè, ọ̀tọ̀ ni ohun tí àpò yín àti ìwé òwò yín lè gbé. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré san owó ìwé-àṣẹ kí wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún ẹni náà kò sí lára èyí tí físà lè jáde fún. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká fi àwọn ọ̀nà tó wà wé ara wọn, ká sì kọ́kọ́ mọ ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n.

Iye owó tí ẹ ó rí níbí ni èyí tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àfi ibi tí mo bá ti dárúkọ ọjọ́ mìíràn. Wọ́n máa ń yí i padà, pàápàá nínú oṣù kẹrin, nítorí náà ẹ wo gov.uk lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ san.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Iṣẹ́ àti owó oṣù ni àkọ́kọ́, òun náà ló sì wúwo jù. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, físà Skilled Worker, èyí tí òṣìṣẹ́ tó ní onígbọ̀wọ́ sábà máa ń gbà, ti dín iṣẹ́ tó ń gbà kù gan-an. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà ní ìpele RQF 6, ìyẹn iṣẹ́ tó ń béèrè ìmọ̀ tó dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó gboyè yunifásítì. Owó rẹ̀ lọ́dún kò gbọdọ̀ dín ní £41,700, bí iye tí ìjọba yàn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá sì ju ìyẹn lọ, èyí tó pọ̀ jù ni ẹ ó san. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́, bí ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 26 tàbí ẹni tó ń bọ́ láti orí físà Student tàbí Graduate, ó lè wálẹ̀ dé £33,400.

Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìwé ẹ̀rí ẹni tó fẹ́ ṣe é. Bí ẹni náà tilẹ̀ gboyè ọ̀mọ̀wé, bó bá jẹ́ oúnjẹ ló fẹ́ máa sè ní ilé oúnjẹ yín, ìpele iṣẹ́ oúnjẹ sísè ni wọn yóò lò. Ibi tó ń dùn mí nìyí, nítorí irú iṣẹ́ tí àwọn tó ń dá òwò ṣe ń ṣe ni ìyípadà yẹn gé kúrò: oúnjẹ sísè, aṣọ rírán, àti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó náà, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn tó wà lókè òkun. Àkójọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Temporary Shortage List, tó ṣì fàyè gba àwọn iṣẹ́ kan tí kò dé ìpele RQF 6, bí iṣẹ́ wẹ́dà àti iṣẹ́ iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ìparí ọdún 2026 ni wọ́n dá fún un, ẹni tó bá sì gba ibẹ̀ wọlé kò ní lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání.

Èkejì ni owó, àti ẹni tó gbọ́dọ̀ san án. Àwọn owó kan wà tí òfin kò gbà kí ẹ dà lé òṣìṣẹ́ lórí: owó ìwé-àṣẹ onígbọ̀wọ́, owó Certificate of Sponsorship tí gbogbo ènìyàn ń pè ní CoS, ìyẹn ìwé tí onígbọ̀wọ́ ń fún òṣìṣẹ́ kó lè fi béèrè físà, àti Immigration Skills Charge, owó tí ọ̀gá ń san fún ìjọba lórí òṣìṣẹ́ tó gbọ̀wọ́ fún. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ san wọ́n. Owó físà fúnra rẹ̀ àti owó ìlera, òṣìṣẹ́ lè san án, ẹ sì lè bá a san án. Mo fẹ́ kí èyí yé gbogbo wa dáadáa nítorí òwò burúkú kan tó gbilẹ̀, òwò CoS títà. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ ènìyàn kó tó fún un ní CoS ti fi ìwé-àṣẹ rẹ̀ wewu, ó sì ti fi ayé ẹlòmíràn wewu pẹ̀lú, torí ẹni tó ta ilẹ̀ tàbí tó yáwó láti ra ìwé náà ni yóò kọ́kọ́ forí fá a. Bí iṣẹ́ tòótọ́ kò bá sí, ẹ má ṣe gbà á, ẹni yòówù kó máa bẹ̀ yín.

Ẹ̀kẹta ni bí ètò náà ṣe fìdí múlẹ̀ tó: kí ló lè bì í wó, ta ni yóò sì jìyà rẹ̀? Ẹ̀kẹrin ni àkókò àti iṣẹ́ ìwé. Àwọn méjèèjì yìí kì í hàn lójú owó, àmọ́ ẹni tó ń dá ṣe gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń mú lójijì.

Ọ̀nà kìíní: kí ẹ gba ìwé-àṣẹ lórúkọ ara yín gẹ́gẹ́ bíi sole trader

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó ti béèrè, £574 sì ni owó rẹ̀ fún òwò kékeré. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún péré ni wọ́n fún yín láti fi àwọn ìwé tó ti òwò yín lẹ́yìn ṣọwọ́, nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù kí ìwé tó pé lọ́wọ́. Ìwé mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń béèrè, ó kéré tán. Fún sole trader, àwọn tó máa ń wúlò ni ẹ̀rí pé ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Self Assessment lọ́dọ̀ HMRC, ìwé báǹkì òwò, nọ́ńbà PAYE bí ẹ bá ti ń gbani síṣẹ́, ìwé VAT bó bá kàn yín, àti ìwé ìbánigbófò Employer's Liability tí kò dín ní mílíọ̀nù £5. Bí gbogbo rẹ̀ bá gún, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ìdáhùn sábà máa ń gbà. Ẹ lè fi owó kún un kó tètè jáde. Wọ́n sì lè wá sí ibi iṣẹ́ yín kí wọ́n tó dáhùn, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún yín, nígbà mìíràn láìsọ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé-àṣẹ, ìnáwó lórí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. CoS kan jẹ́ £525. Immigration Skills Charge fún òwò kékeré ti gòkè sí £480 lọ́dún láti ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2025. Bí ẹ bá fẹ́ gba ẹnì kan fún ọdún mẹ́ta, ẹ̀yin nìkan yóò san £2,539: £574 ti ìwé-àṣẹ, £525 ti CoS àti £1,440 ti Skills Charge ọdún mẹ́ta. Níhà ti òṣìṣẹ́, bó bá ń bọ̀ láti òkè òkun, físà ọdún mẹ́ta jẹ́ £769, owó ìlera sì jẹ́ £1,035 lọ́dún, èyí tó kó ara jọ di £3,874. Iwájú ni wọ́n ti ń gba gbogbo owó wọ̀nyí, ẹ ó san wọ́n kí òṣìṣẹ́ tó fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Òṣìṣẹ́ tún gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dé ìpele B2, èyí tí wọ́n gbé ga láti ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2026.

Ohun tó dára nínú ọ̀nà yìí ni pé kò sí kọ́ńpìnì láti dá sílẹ̀, kò sí àkọsílẹ̀ owó tí ẹ ó máa fi hàn gbogbo ayé, ìwé owó orí tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni ẹ ó máa ṣe lọ. Fún ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu òwò, tí ìwé báǹkì rẹ̀ mọ́, tí owó tó ń wọlé fún un sì lè san £41,700 láìfi ilé rẹ̀ sínú ewu, kò sí ìtìjú kankan nínú jíjẹ́ sole trader níwájú Home Office.

Àmọ́ ibi mẹ́ta ló ti lè tani lépa. Èkíní, àwọn ipò kan wà tí onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ yan ènìyàn sí: Authorising Officer tó jíhìn fún ohun gbogbo, Key Contact tí Home Office ń bá sọ̀rọ̀, àti Level 1 User tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ wọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan lè di gbogbo rẹ̀ mú, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà Level 1 User kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ẹni tó ti ní ìwé ìgbélùú títí láé. Bí ẹ bá ń dá ṣiṣẹ́, tí ìwé tiyín sì ní ọjọ́ tí yóò parí, ẹ yanjú èyí kí ẹ tó san owó. Kódà, ẹ tún wo físà tiyín fúnra yín. Ẹni tó wà lórí físà Student kò gbọdọ̀ dá òwò ṣe rárá, ẹni tó wà lórí Skilled Worker náà kò sì ní àyè rẹ̀ lọ títí. Òwò tí kò bófin mu kò lè bí ìwé-àṣẹ.

Èkejì ni ojúṣe. Bí òṣìṣẹ́ bá pa iṣẹ́ jẹ ju ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá léraléra láìgbàṣẹ, bí owó rẹ̀ bá dín kù, bí ibi iṣẹ́ bá yí padà, bó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ròyìn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Ẹ gbọ́dọ̀ tọ́jú àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ìwé owó oṣù rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe rí i gbà. Kọ́ńpìnì ńlá ní ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ. Ẹ̀yin ń kó ọjà, ẹ ń dá oníbàárà lóhùn, ẹ ń ṣe owó orí, lẹ́yìn náà ẹ tún fẹ́ rántí ọjọ́ kẹwàá. Bí ẹ bá ṣàìsàn fún oṣù kan ńkọ́? Ẹ gba Level 2 User, ìyẹn ẹni tó lè ran Level 1 User lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ náà, tàbí agbẹjọ́rò ìwọ̀lú kan sí ìdí rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹ̀kẹta ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìwé-àṣẹ kì í ṣí kúrò lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fún. Bí òwò bá gbèrú tí ẹ sì sọ ọ́ di Limited, lójú òfin ọ̀gá tuntun ni kọ́ńpìnì náà jẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún Home Office, kí kọ́ńpìnì sì béèrè ìwé-àṣẹ tirẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 20, pẹ̀lú owó tuntun. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, òṣìṣẹ́ tó ti kó ẹrù rẹ̀ dé lè máà ní ju ọjọ́ 60 lọ láti wá onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kó padà sílé. Ẹ ro ojú ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ nítorí yín.

Ohun kan ṣì kù fún àwọn tó ní ilé oúnjẹ àti irú òwò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti wà lórí físà Skilled Worker kí ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025 tó dé, tí físà rẹ̀ kò sì já, ṣì lè gba onígbọ̀wọ́ tuntun fún iṣẹ́ tí kò dé RQF 6. Nítorí náà, kúùkù tó ti wà nílùú Ọba lábẹ́ ọ̀gá mìíràn ṣì ṣe é gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó wà lókè òkun kò ṣe é gbà mọ́. Ẹ nílò ìwé-àṣẹ fún èyí náà, àti CoS tí wọ́n ń pè ní undefined, èyí tó wà fún ẹni tó ń béèrè láti inú ìlú. Ti ẹni tó ń bọ̀ láti òde ni defined, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ ó sì máa béèrè fún un.

Ọ̀nà kejì: kí ẹ dá Limited sílẹ̀ ná, kí kọ́ńpìnì gba ìwé-àṣẹ

Owó ìwé-àṣẹ, CoS àti Skills Charge kò yàtọ̀ sí ti sole trader níwọ̀n ìgbà tí kọ́ńpìnì bá ṣì kéré. Lójú Home Office, òwò kékeré ni èyí tí méjì nínú mẹ́ta wọ̀nyí bá bá mu: owó tó ń wọlé lọ́dún kò ju mílíọ̀nù £15 lọ, ohun ìní rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù £7.5 lọ, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 50 lọ. Ohun tó ń kún un ni ti Companies House, àjọ tó ń forúkọ kọ́ńpìnì sílẹ̀: £100 láti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù kejì ọdún 2026, £50 fún confirmation statement, ìwé tó ń jẹ́rìí sí ìsọfúnni kọ́ńpìnì, lọ́dọọdún, àti owó akáùńtáǹtì tí yóò ṣe àkọsílẹ̀ ọdún àti owó orí kọ́ńpìnì. Owó akáùńtáǹtì yìí ló wúwo jù nínú wọn, torí ọdọọdún ni.

Kí lẹ fi rà? Ẹ fi ra ààbò. Gbèsè sole trader jẹ́ gbèsè ara rẹ̀, títí kan ilé tó ń gbé. Gbèsè kọ́ńpìnì sábà máa ń dúró lọ́dọ̀ kọ́ńpìnì. Ẹ tún fi ra àyè láti gbèrú. Ẹ lè mú alájọṣe wọlé, kí ẹ gba òṣìṣẹ́ kẹta àti ìkẹrin, ìwé-àṣẹ náà yóò sì wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ìwé-àṣẹ kì í parí lẹ́yìn ọdún mẹ́rin bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, torí náà èyí tí ẹ gbà lónìí lè bá òwò yín rìn títí, bí ẹ bá ń ṣe ojúṣe yín.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé kọ́ńpìnì tuntun kò ní ìtàn. Ọdún mẹ́wàá tí ẹ ti fi dá òwò ṣe kò sí nínú ìwé báǹkì kọ́ńpìnì tí ẹ dá sílẹ̀ lóṣù tó kọjá. Kọ́ńpìnì tó ń ṣiṣẹ́ kò tíì pé oṣù 18 gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ó ní àkáǹtì báǹkì òwò ní ilé ìfowópamọ́ tó ní àṣẹ ní UK, Home Office yóò sì wo ibi tí £41,700 yóò ti wá gan-an. Kí ẹ kó àwọn àdéhùn oníbàárà yín jọ, kí ẹ fi bí owó ṣe ń wọlé ní àkókò sole trader hàn, kí ẹ sì ṣàlàyé pé òwò kan náà ló ń bá a lọ.

Èrò tèmi nìyí, kò sì yí padà láti ìgbà tí mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí: bí ẹ bá mọ̀ lọ́kàn yín pé ẹ ó sọ òwò náà di Limited láàárín ọdún méjì sí i, ẹ ṣe é ṣáájú ìwé-àṣẹ. Sísan owó lẹ́ẹ̀mejì kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù níbẹ̀. Kí ẹ má bàa wà láàárín ìwé-àṣẹ méjì nígbà tí ìgbésí ayé ẹlòmíràn so mọ́ ọ̀kan nínú wọn ni.

Ọ̀nà kẹta: kí ẹ gba ẹni tó ti ní ẹ̀tọ́ iṣẹ́ nílùú Ọba

Ọ̀pọ̀ ń fo ọ̀nà yìí kọjá torí pé ọkàn wọn ti wà lára ẹnì kan lókè òkun. Mo sì gbà pé ó yẹ kó jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yóò yà sí, torí kò béèrè ìwé-àṣẹ, kò béèrè CoS, kò sí £41,700 tí ẹ ń lé. Ìwọ̀n owó iṣẹ́ tí òfin là kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ gbogbo ni ẹ ó san.

Àwọn wo ni? Ẹni tó wà lórí físà Graduate lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yunifásítì lè ṣe iṣẹ́ tó bá wù ú fún ọdún méjì, tàbí mẹ́ta bó bá gboyè ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó bá béèrè láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2027 yóò gba oṣù 18 dípò ọdún méjì. Ọkọ tàbí ìyàwó ẹni tó wà lórí Skilled Worker lè ṣe iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo. Àwọn tó ní ìwé ìgbélùú títí láé wà, àwọn ará Yúróòpù tó ní settled status, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti máa gbé títí, wà, àwọn ará Hong Kong tó wá lórí físà BN(O) náà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sábà máa ń lẹ́tọ̀ọ́ sí wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, èyí tó lè tó fún òwò tó kàn ń wá ìrànlọ́wọ́ díẹ̀.

Iṣẹ́ kan péré ni ẹ ní, ẹ kò sì gbọdọ̀ fò ó: kí ẹni náà fún yín ní share code, ìyẹn kóòdù tí ẹ ó fi rí ẹ̀tọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín wọ gov.uk lọ wò ó, kí ẹ sì tọ́jú èsì rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má gba àwòrán ojú ìwé tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìtanràn fún ọ̀gá tó gba ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ iṣẹ́ lè tó £45,000 lórí ẹnì kan láti oṣù kejì ọdún 2024, ó sì lè tó £60,000 bó bá tún ṣẹlẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ ń ti òwò kékeré pa.

Àléébù rẹ̀ ni àkókò. Físà Graduate kì í ṣe é sọ dọ̀tun. Ẹ ó ti kọ́ ọ níṣẹ́ tán, oníbàárà ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ sì ti pé. Àmọ́ ẹ wò ó láti ìhà kejì: ọdún méjì ni ẹ fi mọ ìwà rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ láìná kọ́bọ̀ sórí físà. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìpele RQF 6 ló ń ṣe, tó sì yẹ, ẹ lè wá gba ìwé-àṣẹ nígbà náà, kí ẹ gbọ̀wọ́ fún un pẹ̀lú àlàálẹ̀ £33,400 ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́. Fún òwò tó ń bẹ̀rẹ̀, ètò yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo wọn.

Ọ̀nà kẹrin: físà fún ìgbà díẹ̀

Ti àwọn oníṣẹ́ kan pàtó ni èyí, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbin èso àti ẹ̀fọ́ kò nílò ìwé-àṣẹ tirẹ̀. Àwọn alábòójútó ètò tí ìjọba fọwọ́ sí ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún òṣìṣẹ́ Seasonal Worker, wọ́n ń mú wọn wá fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ń pín wọn sí oko. Àdéhùn pẹ̀lú wọn ni ẹ ó ṣe. Ẹni tó ń ṣe eré, orin tàbí ijó lè gba ìwé-àṣẹ Temporary Worker fún Creative Worker: £574 náà ni, ṣùgbọ́n CoS rẹ̀ jẹ́ £55 péré, kò sì sí Skills Charge. Oṣù 12 ni òṣèré lè kọ́kọ́ dúró.

Yàtọ̀ sí oko, ẹ ṣọ́ra fún aṣojú tó bá sọ pé òun yóò lo ìwé-àṣẹ òun láti gba òṣìṣẹ́, kí òun wá yá a fún yín. Home Office kò gbà kí onígbọ̀wọ́ máa kó òṣìṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gba ìwé-àṣẹ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, òṣìṣẹ́ náà kò ní sí lọ́dọ̀ yín mọ́.

Ọ̀nà karùn-ún: kí òṣìṣẹ́ dúró sí ìlú rẹ̀, kó ṣiṣẹ́ fún yín láti ibẹ̀

Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà lè gbé, bí àkọsílẹ̀ owó, àwòrán yíyà, ìkànnì kíkọ́, dídá oníbàárà lóhùn, kò sí físà tó kàn yín. Ẹ ó ṣe àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ níbi tó wà, ẹ ó sì san owó tó bá yín mu. Ó yára, lọ́sẹ̀ kan iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀.

Òfin iṣẹ́ àti owó orí ìlú rẹ̀ ni yóò máa darí rẹ̀, torí náà ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kedere: ta ló ni iṣẹ́ tó bá ṣe, nígbà wo ni owó ń wọlé, báwo ni ẹ ó ṣe pín yà. Bó bá ń rí orúkọ àti àdírẹ́sì oníbàárà yín, òfin ìpamọ́ ìsọfúnni UK kàn yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí pé ó ń dáàbò bò wọ́n. Kó sì tún yé yín pé físà àbẹ̀wò kò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́. Ó lè wá ṣe ìpàdé, kò lè jókòó ti iṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yín.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹ̀yin tí òwò yín kò tíì lè san £41,700 fún ẹnì kan láìgbọ̀n, ẹ gbé ọ̀rọ̀ ìwé-àṣẹ tì ná. Ọ̀nà kẹta ni tiyín bí iṣẹ́ náà bá béèrè ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ọ̀nà karùn-ún bó bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé oúnjẹ, ilé aṣọ tàbí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má na kọ́bọ̀ sórí ẹni tó wà lókè òkun, àfi bí iṣẹ́ yín bá wà nínú Temporary Shortage List lọ́jọ́ tí ẹ wò ó. Ẹ wá ẹni tó ti wà lórí Skilled Worker ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025. Bí ẹ bá rí i, ìwé-àṣẹ ní ìtumọ̀ fún yín.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ìmọ̀, bí ayàwòrán ilé, ẹnjiníà, akáùńtáǹtì, ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tí òwò yín ti fìdí múlẹ̀, tí ẹ kò sì ní in lọ́kàn láti ju òṣìṣẹ́ kan tàbí méjì lọ, ìwé-àṣẹ lórúkọ sole trader tó yín. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń fojú sọ́nà fún òwò tó ń tóbi, tàbí gbèsè ń kọ yín lóminú, Limited ṣáájú.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń wá físà, ọ̀nà sole trader ti dí. Ẹni tó ń dá òwò ṣe àti òwò rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lójú òfin. Kò lè gbọ̀wọ́ fún ara rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìwọ̀lú tó forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ lọ bá.

Èyí tó kù ni ti ẹbí, mo sì mọ̀ pé òun ni ọ̀pọ̀ ń rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin kò ní kí ẹ má gba àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín síṣẹ́. Ṣùgbọ́n òwò kékeré gbọ́dọ̀ sọ fún Home Office nínú CoS pé ẹbí ni, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó wà ní tòótọ́, owó oṣù sì gbọ́dọ̀ máa wọ àkáǹtì rẹ̀ lóṣooṣù, kó máà padà sí àpò yín lẹ́yìn. Bí wọ́n bá rí i pé wọ́n kàn dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó lè wọ̀lú ni, wọn yóò gba ìwé-àṣẹ náà kúrò lọ́wọ́ yín, ó kéré tán oṣù 12 yóò sì kọjá kí ẹ tó lè béèrè òmíràn. Ẹ kọ àpèjúwe iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni sí i, kí ẹ sì wò ó bóyá àlejò tí ẹ kò mọ̀ rí náà ìbá gbà á ní iye tí ẹ fẹ́ san.